Bí Zdravka Ṣe Kéde Ikú Ìwé Oyin

Ọdún mọ́kànlélógún ni Zdravka Mileva ti ń tọ́jú yàrá ìkàwé ìlú Gorna Slatka, débi pé eruku ibẹ̀ ti mọ ìró bàtà rẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án, alága ìlú yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Zdravka, tó bá fi máa di ọjọ́ Dimitar Mímọ́ lóṣù tó ń bọ̀ tí o ò rí àádọ́ta èèyàn tuntun forúkọ sílẹ̀, a ó ti ibí pa, àga la ó máa kó síbí."

"Àwọn àga ọ̀hún á kúkú kàwé jù yín lọ, alága."

Ó fèsì tán ló wá ro iye náà wò. Níbo ló ti fẹ́ rí àádọ́ta èèyàn nílùú tí ewúrẹ́ pọ̀ ju èèyàn lọ?

Ó ṣí ojú ewé kan fún yàrá ìkàwé lórí Fesibúùkù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ wá kàwé, ìwé dára." Ẹni mẹ́ta ló tẹ̀ ẹ́ pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀: òun fúnra rẹ̀, àbúrò rẹ̀, àti ọkùnrin kan tó ń ta ayùn.

Lọ́jọ́ kan tó ń lọ ra búrẹ́dì, ó rí èrò tó rọ̀gbà yí òpó iná tí wọ́n ń lẹ ìkéde òkú mọ́ ká. Ẹni tí kì í ka ara ìgò oògùn rẹ̀ ń ka ti olóògbé láti òkè délẹ̀, ó tún ń padà sókè. Ṣé ìlú yìí mọ̀wé kà tó báyìí!

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fa ìwé kan tí ẹnikẹ́ni ò yá rí jáde, *Bí Ọ̀lẹ Ṣe Lè Sin Oyin*. Ó ya fọ́tò èèpo rẹ̀, ó fi ìlà dúdú yí i ká bí wọ́n ti ń ṣe fún òkú, ó kọ ọ́ sábẹ̀ pé: "Ìwé wa ti sùn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Zdravka nìkan ló ń ṣọ̀fọ̀." Ó gbé e sórí Fesibúùkù.

Ohun tó gbàgbé ni pé àwòrán Bàbá Dobri, tó kọ ìwé náà nígbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀, ló gba gbogbo èèpo ìwé ọ̀hún. Ta ló tún ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ nígbà tó ti rí ìlà dúdú? Kí kọfí Zdravka tó hó, àwọn ọmọ ìlú tó ń ká èso ní Sípéènì ti bú sẹ́kún.

Èrò wọ́ lọ ilé Bàbá Dobri pẹ̀lú àlìkámà sísè tí wọ́n máa ń gbé lọ síbi òkú, àti òdòdó mẹ́wàá-mẹ́wàá, torí òkú ni wọ́n ń fún ní èyí tó bá pé méjì-méjì; ti alààyè gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku ẹyọ kan. Bàbá Dobri fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ẹ̀wà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Obìnrin kan dákú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí abọ́ àlìkámà bọ́.

Bàbá gba ìdì òdòdó kan, ó kó gbogbo èrò náà sẹ́yìn, ó di yàrá ìkàwé.

"Ìwọ Zdravka! Kí ni mo ṣe tóo fi pa mí?"

"Bàbá Dobri, ìwé ni mo ní ó kú, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ìyàwó mi ní kí ló kàn ọ́ tóo fi ń ṣọ̀fọ̀ mi!"

"Ẹ bi í pé ṣé òun náà ṣọ̀fọ̀."

Zdravka gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Bàbá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń tẹ ọjọ́ tí wọ́n yá a sí. Ojú ewé náà funfun báláú. Ó yíjú sí ọkùnrin kan láàárín èrò.

"Penko, ìwọ aládùúgbò mi, ṣebí o ní o kà á lẹ́ẹ̀mejì?"

Penko ń wo àjà. "Èèpo ẹ̀ ni, bàbá."

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. "Kò sẹ́ni tó máa jáde! Ẹni tó bá wá kí òkú mi gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó kà mí!"

Zdravka kọ orúkọ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Alága ìlú, tó gbé òdòdó tó tóbi jù wá, ló di ẹni àádọ́ta. Kò lè sá, ọ̀pá Bàbá Dobri wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà tí gbogbo wọn forúkọ sílẹ̀ tán, bàbá fa òdòdó kan yọ nínú mẹ́wàá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ lu Penko, ó na èyí tó kù sí Zdravka.

"Gbà. Mẹ́sàn-án ni. Ti alààyè nìyẹn."