Ọdún tí Ẹnu Mi Yí, tí Ìkórè Upẹnmẹn sì Kù sí Dẹ̀dẹ̀

Bí ẹ bá ti rí ẹgbẹ́ onífèrè wa rí lójú títì Ọ̀wọ̀, ẹ ó ti mọ̀ pé a kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tó kéré jù nínú wa ti ń san owó ilé ìwé ọmọ. Tíṣà ló pọ̀ jù, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, àwọn kan sì jẹ́ ará Àkókó tí iṣẹ́ gbé wá sí ìlú yìí tí wọn ò rántí padà mọ́. Áńgílíkà wà níbẹ̀, Kátólíìkì wà níbẹ̀. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. A ó ṣí gbogbo fèrèsé, àwọn aládùúgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú, nítorí àwọn kan náà ló máa ń sáré síta láti jó bí a bá ń kọjá lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Lásìkò òjò, a kì í jáde. Ọ̀pọ̀ wa ló ní oko, òjò ò sì bá awọ ìlù ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí iṣu tuntun bá ti pọ̀ lọ́jà, tí àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ ìkórè, a ó gbéra. Ọjọ́ Ìsinmi kan, a wà ní Uso. Òmíràn, a wà ní Ipele. Òmíràn, Upẹnmẹn ló gbà wá. Ìkórè ló ń kó wa dé orin Kérésìmesì. Lẹ́yìn ìyẹn a ó sinmi títí di Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tí a máa ń fọn fèrè yí ìlú ká títí bàtà á fi há mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Orin ìjọ là ń fọn jù. Àmọ́ bí ìsìn bá ti parí, tí àwọn ìyá ìjọ sì ti so gèlè wọn le, a ó yọ àwọn orin háíláìfù àtijọ́ síta, àlùfáà á wá máa wo òkè àjà bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ará Uso ni olórí wa. Wolé-wolé ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, Wolé-wolé náà la sì ń pè é dòní. Òun ló ń fọn tùúbà, fèrè gbàǹgbà tó ń dún nísàlẹ̀ bí akọ màlúù. Ó ṣì ń bẹ̀ wá wò bí ẹni tó wá wo ìkòkò omi: ó lè ní kí o ya ẹnu kí ó wò ó bóyá o jẹ obì kí o tó fọwọ́ kan fèrè. Èmi, tíṣà ni mí, tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì sì ni tèmi. Mo ti ń fọn ọ́n kí irun mi tó funfun, mi ò sì ní purọ́, mo mọ̀ ọ́n fọn.

Ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan tí mi ò rí níbòmíràn. Ìlú Ipele ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú ìjọ Kátólíìkì kan tó pè wá síbi ìdúpẹ́. Wọ́n ní kí a fọn orin kan tí tọmọdé tàgbà mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. A gbé e sókè ní ohùn tí àwa Áńgílíkà mọ̀. Ìjọ náà dìde, wọ́n sì gbé e ní ohùn tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn méjì. Àwa rò pé wọn á tẹ̀ lé wa, àwọn náà rò pé a ó tẹ̀ lé wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Àwọn Kátólíìkì tó wà láàárín wa ò mọ èyí tí wọn ì bá fọn. Ẹsẹ mẹ́ta gbáko la fi ja ìjà náà níwájú pẹpẹ, kí Fadá tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọlọ́pàá ojú pópó.

Láti ọjọ́ náà ni Wolé-wolé ti ṣòfin: ìlú yòówù tí a bá lọ, ọmọ ìlú náà tó bá wà nínú wa ni yóò ṣí orin. Yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìkórè, yóò dá ẹsẹ kìíní fọn, kí gbogbo èèyàn lè mọ ohùn tí a mú wá. Lẹ́yìn náà ni àwa yòókù yóò bọ́ sí i. Ìjà ló bí òfin náà, ṣùgbọ́n ó di iyì. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó ń gbọ̀n nígbà tó kàn án ní ìlú rẹ̀.

Upẹnmẹn ni tèmi. Níbẹ̀ ni wọ́n bí yèyé mi, níbẹ̀ ló sì padà sí lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ìjọ kékeré tó wà níbẹ̀ ní ohùn orin ìkórè tirẹ̀. Wọ́n ní tíṣà ìjọ kan láyé àtijọ́ ló fi kọ́ wọn, kò sì sí ìjọ mìíràn tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yèyé mi ló kọ́ mi ní ohùn náà kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Lọ́dọọdún tí mo bá ti ṣí i tán, tí mo lọ kúnlẹ̀ kí i níbi tó jókòó níwájú, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Bí mo bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tó mi." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ojú yèyé ò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, orí àga ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí ìjọ.

Ọdún yẹn náà ni ẹnu mi yí. Àárín òjò ni. Mo jí, mo bu omi sẹ́nu, omi náà gba ẹ̀gbẹ́ òsì dà sí mi láyà. Ìyàwó mi ń fi aṣọ sínú omi nítòsí. Ó wò mí, ó ní, "Dádì, ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i." Mo rẹ́rìn-ín. Ó bú sẹ́kún.

Dókítà ní kì í ṣe rọpárọsẹ̀, a sì dúpẹ́ gidigidi. Ó ní iṣan ojú ló sùn, ó lè jí láìpẹ́, ó sì lè pẹ́. Ojú òsì mi ò pa dé, ètè mi sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìbéèrè tí mo bi dókítà ni pé ìgbà wo ni mo lè fọn fèrè. Ìyàwó mi kọjú sí mi nínú ọ́fíìsì yẹn, ó ní, "Ojú tí kò pa dé ńkọ́? Ẹ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá." Inú bí mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ó yẹ kí ẹ mọ obìnrin yìí. Ará Àkókó ni, Kátólíìkì ni, ó sì jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n wo òun. Bí a bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn ẹni tó ga jù ló máa ń lọ. Bí ó bá bá mi lọ sí ìkórè, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó máa ń mọ̀ pé ìyàwó afọnfèrè ni. Ní gbogbo oṣù tí ẹnu mi fi yí, aṣọ gbígbóná ló fi ń tẹ̀ mí lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwòsàn. Ó ń kán oògùn sí ojú mi. Ó ń gé ẹran mi wẹ́wẹ́ bí ti ọmọ ọwọ́. Mo sì ń kanra mọ́ ọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn nítòsí tí mo lè kanra mọ́.

Nígbà tí ìkórè Upẹnmẹn kù sí dẹ̀dẹ̀, mo gbé fèrè lọ sí ìpàdé. Bí mo ti fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi, fèrè ò fọhùn. Mo fi ìka di ẹ̀gbẹ́ ẹnu náà, mo fi ọwọ́ kan gbé fèrè, ohùn wá díẹ̀, ṣùgbọ́n fèrè ń yọ̀ kúrò lẹ́nu. Wolé-wolé wá mú aro wá fún mi, àwo irin méjì tí à ń gbá pọ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ máa gbá èyí ná. Àǹtí á bá yín ṣí ti Upẹnmẹn."

Àǹtí tó ń wí ni olùkọ́ kan, ọmọ Àkókó, tó ń fọn tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí ohun tí mo lè kọ́ ọ lórí fèrè mọ́.

Mo ní, "Wolé-wolé, yèyé mi ni yóò jókòó síbẹ̀. Bí mi ò bá ṣí i lọ́dún yìí, ọdún wo ni mo tún ń retí?"

Ó ní, "Ẹ kọ́ Àǹtí ní ohùn náà. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ tẹ orí ba, Àǹtí á gbà á."

Mo fi ẹnu wíwọ́ mi kọ ọ́ fún Àǹtí, ó sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan náà. Mo gbóríyìn fún un. Inú mi ò dùn rárá. Nílé, mo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, mo ń gbìyànjú lójoojúmọ́, ó ń yọ, ó ń kùnà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, a kọ́kọ́ yà kí yèyé. Ó fi ọwọ́ wá ojú mi kiri, ó kan ibi tó wọ́, ó sì fi ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ulé rẹ lo wá. Ọghọ́ Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀ wà." Bí wọ́n ṣe ń pe ilé àti ọwọ́ ní Upẹnmẹn nìyẹn. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ, kí òun má pẹ́.

Òkìtì iṣu ga nínú ìjọ lọ́dún náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, kòkó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ẹnìkan tilẹ̀ so òbúkọ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, mo gbé fèrè. Mo fẹ́ ẹ. Ohun tó jáde ò yàtọ̀ sí ohùn òbúkọ yẹn. Àwọn ọmọ kéékèèké rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá wọn sì lù wọ́n. Mo fi ìka di ẹnu, mo gbé fèrè lọ́wọ́ kan, ó yọ̀, ó bọ́. Yèyé mi ti na ọrùn síwájú, ó ń dúró. Mo wo Àǹtí. Omi wà lójú rẹ̀, ó sì ti gbé fèrè tirẹ̀ sókè. Mo tẹ orí ba fún un.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ sálúbàtà láti ẹ̀yìn. Mo mọ ìrìn náà. Ìyàwó mi ń bọ̀ láàárín ìjọ Áńgílíkà, níṣojú gbogbo ènìyàn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó dúró tì mí. Ó fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu mi, níbi gan-an tó ti ń tẹ̀ mí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn mi mú kí orí mi má baà yẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì wá ráyè gbé fèrè. Mo fẹ́ ẹ.

Ó dún. Kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ nínú, ṣùgbọ́n ohùn Upẹnmẹn ni, kò ṣeé ṣì mọ̀. Kí n tó dé ààbọ̀ ẹsẹ náà, mo gbọ́ yèyé mi. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń kọ ọ́ níbi tó jókòó, ohùn tín-ín-rín, ó sì ń fi ọwọ́ lu orókùn. Lónìí tí iṣan ojú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jí tán, tí mo ti tún ń fọn fèrè láìsí ìrànlọ́wọ́, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìwòsàn náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yan èyí tí mo máa dúpẹ́ fún jù, ẹsẹ kan yẹn ni.

Mo parí rẹ̀. Mo sọ fèrè kalẹ̀. Mo rò pé ìyàwó mi á sá padà sí ẹ̀yìn kíá, nítorí gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Kò lọ. Ó mú etí ìborùn rẹ̀, ó fi nu itọ́ tó ti ṣàn sí àgbọ̀n mi, ó sì dá ìka méjèèjì padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi.

Ó ní, "Ẹsẹ kejì ńkọ́?"