Ìrètí àti Búrọ́ọ̀ṣì Ojú Jósẹ́fù

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Eléyìí kì í ṣe ààlọ́ o. Ojú mi ló ṣe, ìdí mi ló sì jókòó lórí ọ̀kadà láti Ìtàjí títí dé Ìkọ̀lé.

Ìrètí, ìyàwó Akínwùmí ọmọ mi, kì í ra ohunkóhun láì kọ́kọ́ fìyà jẹ ẹni tó ń tà á. Iṣu, á gbá a létí. Ìkòkò, á kàn án títí tí oníkòkò á fi bi í pé ta ló ń wá nínú ẹ̀. Epo Adérónkẹ́ ńkọ́? Á gbóòórùn ẹ̀, á dà á sójú ewé, á tọ́ ọ lá, á tún tọ́ ọ lá. Adérónkẹ́ kì í rí i lókèèrè kó má da aṣọ bo garawa epo.

Èmi a ní, "Ìyàwó, o ò jẹ́ fọkàn tán èèyàn?"

A ní, "Màámi, ẹnu ni wọ́n fi ń tà á. Ojú lèmi fi ń rà á."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ dá. Nígbà tó wà lọ́mọge, ìyẹ́ adìẹ ló fi ń ya àrà sára àdìrẹ. Ìdí nìyẹn tí Festus, katikíìsì ìjọ Kátólíìkì, fi pè é nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀. Wọ́n ti bẹ Ògúntádé agbẹ́gilére lọ́wẹ̀, òun tó ń bọ Ògún, ó sì ti gbẹ́ Màríà, Jósẹ́fù, Jésù ọmọ ọwọ́ àti àgùntàn mẹ́ta fún wọn. Kò sí èyí tó ga ju ìka mi yìí lọ. Wọ́n ní kí Ìrètí kùn wọ́n lọ́dà.

Ó kun aṣọ wọn, ó dára. Ó wá ku ojú, ojú tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Akínwùmí, kunlékunlé ni. Ó ní, "Ẹ fi ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún mi." Ó lọ sí Ọ̀yẹ́, ó ra ọ̀kan tí ẹnu ẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ìrètí wà lóko nígbà tó dé. Ó ní kí òun bá a ṣe ojú Jósẹ́fù kó tó dé. Bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe kan ọ̀dà báyìí, irun ẹ̀ ya. Ojú kan ń wo Màríà, èkejì sún dé ẹ̀bá etí, ó ń wo àgùntàn bí ẹni tó fẹ́ jí i gbé.

Festus wá wò ó. Ó bọ́ fìlà. "Ẹ̀yin ìyàwó, Jósẹ́fù wo rèé? Tí ojú yìí ò bá tọ́ kó tó di ọ̀túnla, a óò gbé wọn fún ayàwòrán kan ní Ìdó."

Ìrètí fìdí lélẹ̀ gbì. "Màámi, mo kú! Adérónkẹ́ á ti wí? 'Ìrètí tó ń yẹ gbogbo nǹkan wò, kò yẹ búrọ́ọ̀ṣì wò!' Níbo ni mo fẹ́ gbà wọ ọjà?"

Ó fi bíléèdì ha ojú náà kúrò. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gun ọ̀kadà. Èmi ni mo gbé omi inú ike dání.

Isaac lorúkọ ẹni tó ń ta ìwé àti búrọ́ọ̀ṣì fáwọn ọmọ yunifásítì ní Ìkọ̀lé.

"Mọ́mì, ẹ wo ẹnu ẹ̀, bí abẹ́rẹ́!"

"Irú ẹ̀ lọkọ mi rà. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ irun ẹ̀ pọ̀. Jẹ́ n tì í bọmi."

"Háà! Tí ẹ bá ti tì í bọmi, ẹ ti rà á nìyẹn."

"Ṣé omi ẹ ni? Ulé ni mo ti gbé omi mi wá."

Isaac kọjú sí mi. "Ìyá àgbà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo ní, "Ọmọ mi, ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́."

Ìrètí ní, "Gbọ́. Èyí tí irun ẹ̀ bá pa ẹnu pọ̀ lẹ́yìn omi, n ò ní ná an. Iye tó o bá pè é ni n ó san."

Ẹnu mi là sílẹ̀. Ìrètí tó ná owó pósí bàbá ẹ̀ títí káfíńtà fi sunkún!

Isaac gbà. Ìrètí tì í bọmi, ó fọ gọ́ọ̀mù, ó gbọ̀n ọ́n: ó ya bí ìgbálẹ̀. Ó mú èkejì, ó tì í bọmi, ó fọ gọ́ọ̀mù, ó gbọ̀n ọ́n: ó ya. Ẹ̀kẹta ń re irun sínú omi. Àwọn ọmọ yunifásítì ti pé lé wa lórí. Bó bá ti gbọ̀n ọ́n, wọ́n á gbè é: "Ó ya!" Ọmọbìnrin kan tó ti mú mẹ́ta rọra dá wọn padà sórí tábìlì.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí n kógbá sílé ni?" Isaac bẹ̀rẹ̀, ó tú ìsàlẹ̀ páálí, ó yọ ọ̀kan tí wọ́n fi bébà wé. Igi ẹ̀ ò ju igi ìṣáná lọ, irun ẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ìrètí tì í bọmi, ó fọ̀ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n. Irun náà kóra jọ ṣíín, bí ẹnu ẹyẹ. Ó fà á lórí èékánná àtàǹpàkò: ìlà tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn. Ó fìka tẹ̀ ẹ́, ó nà padà. Kò sẹ́ni tó gbè é.

"Èló ni?"

Owó tí Isaac pè tó ra àkùkọ tó sanra. Mo rí i bí ìdúnàádúrà ṣe ń gun ọ̀fun Ìrètí bọ̀. "Isaac, ọmọ mi dáadáa..." ló wí. Mo tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Isaac ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní ná an lóòótọ́? Ẹ̀rù ń bà mí o."

"Mo ti sọ̀rọ̀." Ó sanwó, òógùn bò ó bí ẹni tó gúnyán fún àwọn alábàáṣe.

Lọ́jọ́ náà ló ṣe ojú Jósẹ́fù. Kò mí, èmi náà ò mí. Festus wá, ó bọ́ fìlà, ó gbé e sún mọ́ imú, ó wò ó, ó wò ó, ó fi fìlà ẹ̀ dé orí padà.

Ọjọ́ Kérésìmesì pé, gbogbo ọjà ló wá wòran. Adérónkẹ́ kọjá lára gbogbo èèyàn, ó gbé Jósẹ́fù. Ó dojú ẹ̀ dé, ó kàn án lórí, ó gbóòórùn ẹ̀, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó tún gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ìrètí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń dùn mí.

"Ojú ẹ̀ tọ́," ni Adérónkẹ́ wí. "Ọmọ ẹ̀ ló ń wò." Ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó rí Ìrètí lókèèrè, kò fi aṣọ bo epo. Òun fúnra ẹ̀ ló ká ewé, ó da epo sí i, ó nà án sí Ìrètí. "Ó yá, wá tọ́ ọ lá."

Ìrètí tọ́ ọ lá lẹ́ẹ̀mejì.