Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Tí Mo Yọ

Ọkọ̀ tí ìyàwó mi jóná sínú rẹ̀, èmi ni mo yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti inú. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kú, nítorí àwọn tó wá kí mi kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kọ́ ló di sípánà mú ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Iṣẹ́ pánẹ́lì-bítà ni mo ṣe jẹ, ní Oǹdó, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àkúrẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé orúkọ. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ yẹn ni mo mọ̀ lórúkọ títí dòní, mo sì mọ orúkọ bàbá ẹlòmíràn nínú wọn. N kò ní kọ wọ́n síbí nítorí àwọn ọmọ wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ onílẹ̀kùn fífà nì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, èrò a máa fa ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ já. Ẹlòmíràn á ṣí i nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dúró. Nítorí náà, àwọn awakọ̀ á ní kí n yọ ọwọ́ ti inú, kí n fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ihò rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ nìkan ni yóò máa ṣí i láti ìta. Ó dà bí ọgbọ́n. Ọdún mélòó kan ni mo fi ṣe é, kò sí ẹni tó bi mí pé bí kọ̀ńdọ́ kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́. Èmi náà kò bi ara mi.

Ayé ológun ni, nígbà tí bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Ilé epo Oǹdó á gbẹ, àwọn èèyàn á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n á tò láti àárọ̀, wọ́n á sì gbé epo wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ wálé. Níbo ni wọ́n ń gbé e sí? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, lórí ẹ́ńjìnnì gan-an, níbi tó ń gbóná. Kẹ́ẹ̀gì mìíràn kò ní ìdérí, ọ̀rá ni wọ́n á fi dí i lẹ́nu. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi ọ́ pé ṣé ìwọ ló máa bá wọn rù ú dé Oǹdó ni.

Ìyàwó mi lọ wẹ ọmọ fún ọmọ wa obìnrin tó bímọ ní Ìjàpó, ní Àkúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Ọ̀sán Sátidé ló ń bọ̀, kí ó lè bá wa dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Obìnrin aránṣọ kan tó jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní bí wọ́n ṣe kúrò ní gáréèjì ni ẹnì kan ti ń ráhùn pé òórùn epo pọ̀ jù, pé ilẹ̀kùn kò tilẹ̀ ní ọwọ́. Ìyàwó mi, tó jókòó ti ilẹ̀kùn, dá a lóhùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkọ mi ló ṣe ilẹ̀kùn yìí, kò lè ṣí lójijì."

Aránṣọ náà sọ ọ́ láti fi tù mí nínú, pé ìyàwó mi fi mí yangàn.

Lẹ́bàá Ìpògún, lójú ọ̀nà Oǹdó, ni iná ti sọ. Ó ní òun gbọ́ fùú, bí ìgbà tí wọ́n tan sítóòfù. Awakọ̀ dúró, ó bẹ́ sílẹ̀. Kọ̀ńdọ́ tó fún ara rẹ̀ sáàárín wọn níwájú bẹ́ tẹ̀lé e. Aránṣọ ní òun náà bọ́ sílẹ̀, bàtà òun kan sì yọ. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, nígbà tí òun máa gbójú sókè, iná ti dé àárín ọkọ̀, fóòmù àga ń yọ́, èéfín dúdú ti bo gíláàsì. Fèrèsé ọkọ̀ yẹn kò ṣí ju ìbú ọwọ́ lọ, irin sì ni wọ́n fi pààlà iwájú sí ẹ̀yìn. Kọ̀ńdọ́ padà síbi ilẹ̀kùn. Irin ti gbóná, awọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbẹ̀ sáré wá láti oko, wọ́n sì da omi sí i. Omi, lórí bẹntiróòlù. Iná kàn gun orí omi ni, ó ṣàn lọ sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ẹnì kan fi rántí pé yẹ̀pẹ̀ ló yẹ, kò sí ẹni tó ń pariwo nínú rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ra ọwọ́ ilẹ̀kùn kún inú àpò, mo gbé e lọ sí gáréèjì wa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dá a padà sára ọkọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kí mi kú àràfẹ́rakù tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní ṣé mo fẹ́ kí èrò máa já bọ́ bí mángòrò ni. Mo ní ẹni tó bá já bọ́, ẹsẹ̀ ló máa ṣẹ́, wọ́n á sì fi igi dì í. Ẹnì kan péré ló gbà.

Nígbà tó di oṣù kejì, ẹni tó gbà náà padà dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní èrò kan ṣí ilẹ̀kùn lu ọlọ́kadà, kí n bá òun yọ ọwọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kí n ju sípánà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá lé e, yóò lọ bá pánẹ́lì-bítà tó wà lódìkejì títì, ìyẹn á sì ti yọ ọ́ kí n tó padà jókòó. Mo ní kò burú. Mo yọ ọ́. Mo ní kí ó wọ inú ọkọ̀, kí ó jókòó ti ilẹ̀kùn, kí ó wò ó bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo tì í láti ìta.

"Jáde," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ṣí i."

"Èmi kọ́ ni kọ̀ńdọ́. Kọ̀ńdọ́ ti sá lọ. Jáde."

Ó ta ilẹ̀kùn nípàá. Ó fa fèrèsé. Èmi ń ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run bí a ṣe ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò yára. N kò tíì dé ibi oúnjẹ òòjọ́ tó fi ń fi ìgbọ̀nwọ́ lu gíláàsì. Mo kà á dé Àmín kí n tó ṣí i.

Ó bọ́ sílẹ̀, òógùn bò ó. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó lọ jókòó sórí táyà, ó ń wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dá a padà. Ẹ dè é le."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. N kò tíì de nọ́ọ̀tù kẹta tí awakọ̀ náà fi ń pe èrò Àkúrẹ́ lẹ́bàá títì. Obìnrin tó kọ́kọ́ dáhùn gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí yóò gbé wọn sí lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní òfìfo ni wọ́n, epo lòun fẹ́ lọ rà bọ̀. Mo fi sípánà sílẹ̀, mo dìde lọ sọ ti ìyàwó mi fún un.