Ọwọ́ Tí Kò Dé Ẹnu

Mo rántí ìró rẹ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ: pà, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ní ìdíkọ̀ Lapaz ni. Èmi akọ̀ròyìn tí mo rò pé ìròyìn kò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, mo bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní tirotiro kó tó dúró, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá sọ fún àwọn tó péjọ pé, "Mo rí i. Kò sẹ́ni tó tì í. Òun ló ti ara rẹ̀."

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa ìgbọ̀nwọ́ mi tó yẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n dókítà ní kí wọ́n tún ya fọ́tò eegun, ó sì rí i pé orí eegun kan ti fọ́ sínú oríkèé náà. Bí wọn kò bá tò ó, yóò tún yẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé, dókítà ní, "Ẹ máa ká a, ẹ máa nà án. Ẹ máa fi jẹun. Ìgbọ̀nwọ́ tó bá sinmi jù, gígan ló ń gan."

Mo gbìyànjú rẹ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wá kí mi nílé ìyá mi ní Adabraka. Ọwọ́ dúró lágbedeméjì, ọbẹ̀ dà sí mi láyà. Ọ̀kan nínú wọn fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá nílùú wọn pè mí, ó ní, "Anago, ṣé àyà lẹ fi ń jẹun lọ́dọ̀ yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé mo tún gbé apá náà kọ́ ọrùn. Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ti ọwọ́ òsì: a kì í fi í júwe ilé baba ẹni, áḿbọ̀sì ká fi jẹun. Bó ṣe ń ti ìdí ọjà ọṣẹ rẹ̀ wá bọ́ mi lọ́sàn-án nìyẹn, èmi ọkùnrin onírùngbọ̀n. Èmi ni mo máa ń ní kó fa kọ́tìnì kó tó bu òkèlè. Ó ń bẹ̀ mí kí n gbìyànjú. Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ni ìgbọ̀nwọ́ gan sí. Dókítà wò ó, ó ní, "Eegun jinná dáadáa. Ẹ̀yin lẹ kò lò ó."

Títí dòní, ọwọ́ ọ̀tún mi kò dé ẹnu. Orí ni mo ń tẹ̀ lọ bá a. Ìyá mi ti darúgbó, ọwọ́ tirẹ̀ ń gbọ̀n, oúnjẹ kì í dúró síbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ ọ, mo dìde lọ fa kọ́tìnì.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ta là ń sá fún?"

Mo padà jókòó, mo bu òkèlè, mo na ọwọ́. Ọwọ́ tí kò dé ẹnu mi dé tirẹ̀. N kò lè wò ó lójú.