Omi tí Wọ́n Ní A Fi Du Àlùfáà Òyìnbó

Mi ò fẹ́ràn àlùfáà òyìnbó náà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti kú kí ìyá àgbà mi tó dáyé. Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀kà. Irùngbọ̀n rẹ̀ bo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ń wo gbogbo wa bí ẹni tó ń retí kí á wá tọrọ àforíjì. Ọdọọdún ni a sì ń tọrọ rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa nìyí. Nígbà tí ọbabìnrin arúgbó kan ń jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà yìí gba Ìkàrẹ́ kọjá, ó gun òkè wa wá pẹ̀lú Bíbélì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó tọrọ omi ní ẹnu ọ̀nà ilé kan, obìnrin ilé náà sì fi omi dù ú. Àlùfáà dárí jì í, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Obìnrin náà ni ìyá tó bí bàbá ìyá àgbà mi. Ilé kan náà ni èmi àti ìyá àgbà ń gbé títí di òní.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìsìn àjọ̀dún ìjọ, ọmọbìnrin kan láti ilé wa gbọ́dọ̀ gbé abọ́ omi lọ sí iwájú pẹpẹ, kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì wí pé, "Ẹ dárí jì wá, ẹ gba omi yìí." Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, á dúró ní ipò òyìnbó, á mu ún, gbogbo ìjọ á sì ké Àmín. Ìyá àgbà mi ti kúnlẹ̀ rí. Ìyá mi ti kúnlẹ̀ rí. Lọ́dún yìí, wọ́n ní ó kàn mí.

Orúkọ tí a ń jẹ́ ní àdúgbò ni Afomiduni. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ Ọ̀kà tí a jọ ń wọ ọkọ̀ sì ti gbé orúkọ náà débẹ̀. "Afomiduni! Ṣé wàá fún wa ní píọ̀ wọ́tà, àbí ká kú síbí?" Kódà ọmọ Ògbàgì kan tí kò mọ ilé wa rí ti kọ́ ọ.

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí á kọ àròkọ lórí ìgbésí ayé ẹnìkan tí ó ti kú, mo mú àlùfáà náà. Ìbínú ni mo fi mú un. Mo kọ ojú ìwé méjì, mo sì gbé e fún olùkọ́. Ó kà á, ó wò mí.

"Ta ló sọ èyí fún ọ?"

"Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, sà."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò kọ nǹkan kan ni? Lọ ka ohun tí ó kọ."

Ìwé náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nínú yàrá Fíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ ìjọ kan láyé àtijọ́ ti fi ọwọ́ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Fíkà ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo fọ ọwọ́. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi kà á, mo sì rí i pé ara rẹ̀ nìkan ni ọkùnrin náà mọ̀. Ó kọ nípa ibà rẹ̀, nípa tíì rẹ̀ tó rin nínú àpótí, nípa bàtà tó ń bù ú jẹ, ó sì kọ lẹ́tà gígùn sí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n fi ọ̀pá àti aṣọ gbé e gun gbogbo àpáta Ọ̀kà kò ní orúkọ kankan nínú ìwé náà. "Àwọn aláàárù mi" ni ó ń pè wọ́n. Ó ní èdè wa dà bí ariwo ẹyẹ. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán kẹta, mo dé ibi omi. Mo dà á kọ, mo sì sáré lọ kà á fún ìyá àgbà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Obìnrin náà gbé omi jáde nínú igbá. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wò mí. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn aláàárù mi, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kò mọ́. Ó gbé omi náà padà sínú ilé."

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró nínú ẹ̀wà.

"Tún ibi ẹní yẹn kà."

Mo tún un kà.

"Ó tẹ́ ẹní fún un," ni ìyá àgbà wí. "Ó tẹ́ ẹní fún un, kò jókòó!"

Ó yẹ kí ó ti yé mi kí ó tó sọ ọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ní ilé wa, a kì í fún ẹni tó dúró lómi. Ẹni tó ń pín bíìlì iná pàápàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Omi ìdúró ni omi tí a fi ń lé ènìyàn. Lójú mi báyìí, ìyá àgbà fún àna kan tó na ọmọ wa ní omi ìdúró, ọkùnrin náà kò sì padà wá mọ́. Obìnrin tí wọ́n ń fi bú wa kò fẹ́ lé àlejò rẹ̀. Ó dúró dè é kí ó jókòó.

"Ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí, "mo kúnlẹ̀ fún ìyẹn?"

Mo mú ìwé mi lọ bá Fíkà. Mo rò pé ẹnu á yà á.

"Mo ti kà á rí," ni ó wí.

"Kí ló dé tí ẹ kò kà á fún ìjọ, sà?"

"Ìjọ fẹ́ràn ìsìn náà. Àwọn ará Ìkàrẹ́ ń wá, bíṣọ́ọ̀bù ń wá. Kí ni kíkúnlẹ̀ ìṣẹ́jú méjì? Kúnlẹ̀, kí o dìde, ó parí."

"Ṣé ẹ̀yin náà á kúnlẹ̀, sà?"

"Ẹnu rẹ ti ń mú jù. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló ń bà ọ́ jẹ́."

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi àjọ̀dún náà pé, mo gbé abọ́ omi, mo rìn lọ sí iwájú. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá àgbà ni, ẹní kan wà ní abẹ́ abíyá rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sí iwájú pẹpẹ, ó fi ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. Fíkà ti na ọwọ́ jáde láti gba omi.

"Ẹ jókòó, sà," ni mo wí, "kí n lè fún yín lómi."

"Kúnlẹ̀!" Olórí akọrin ló ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Bàbá Fíkà, ẹ jókòó," ni ìyá àgbà wí, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ́ ọ. "Àwa kò lé yín. Ilé wa kò lé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ẹní rèé."

Fíkà wo ẹní náà, ó wo bíṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Ó yíjú sí ẹni tó ń tẹ dùùrù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin láìtó àkókò. A ká ẹní wa, a gbé omi wa, a gba àárín ìjọ jáde lójú àwòrán onírùngbọ̀n yẹn.

Ní ilé, a tẹ́ ẹní náà sórí àpáta ẹnu ọ̀nà, a jókòó, a sì jọ mu omi náà tán. Ìyá àgbà ní bí wọ́n bá fẹ́ ẹni tí yóò kúnlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n wá a lọ sí ibòmíràn.

Olùkọ́ mi ní àròkọ mi dára, ṣùgbọ́n ìbínú pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí n dín in kù. Mi ò dín in kù. Àwọn ọmọ inú ọkọ̀ ṣì ń pè mí ní Afomiduni. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn dúró lé mi lórí ní gáréèjì Ìkàrẹ́, ó na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní píọ̀ wọ́tà.

Mo sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, mo fi ọwọ́ lu àyè tó ṣófo lẹ́ẹ̀mẹta.

"Jókòó ná," ni mo wí.