Ohùn Bàbá Lẹ́nu Màámi

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré fíìmù ni mò ń kọ jẹun. Bí mo bá ti tẹ B lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ bàbá inú eré á jáde, ẹ̀rọ á sì bá mi ro ohun tó máa sọ. Lónìí ó kọ ọ́ pé: "Ṣé o ti jẹun?"

Ọkàn mi bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Inísà, nígbà tí mo wà ní kékeré. Màámi ń bó ẹ̀gúsí lọ́sàn-án, èèpo rẹ̀ bo itan wọn. Wọ́n fi ohùn ńlá bíi ti bàbá mi tó wà l'Ékòó sọ pé, "Ìyá Dúpẹ́, ṣé o ti jẹun?" Wọ́n fi ohùn ara wọn dáhùn, "Mo ti jẹun, ẹ ṣeun."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ọjọ́ náà ni wọ́n gbọ́ pé bàbá ti fẹ́ ẹlòmíràn lọ́hùn-ún.

Mo fi ìbéèrè ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú eré bó ṣe wà. Ìdáhùn ni mi ò jẹ́ kó bá mi kọ.