Àwọ̀ Ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá Mi

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìlélógún náírà ni wọ́n pe agolo ọ̀dà ọkọ̀ kékeré kan fún mi ní Challenge lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, iye yẹn á ra ọkọ̀ fúnra rẹ̀, á kọ́ ilé tí wọn yóò máa gbé e sí, ìyókù á sì tó olówó rẹ̀ yangàn kiri gbogbo Bódìjà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ padà sí ìgbà yẹn kí ẹ lọ rà á." Ẹnu àwọn ọlọ́jà ìsinsìnyí mú ju abẹ lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣí agolo náà tí òórùn rẹ̀ wọ imú mi, mo padà síbẹ̀ lóòótọ́, inú mi kò sì dùn sí ìrìnàjò náà.

Bódìjà ni mo dàgbà sí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni Bàbá mi. Alájì Sàlámì tó ń ta aṣọ ni aládùúgbò wa. Igi ọgbà lásán ló pààlà ilé méjèèjì, èmi àti Múkáílà ọmọ Alájì a sì máa rá kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ológbò. Ọjọ́ orí kan náà ni wá, kíláàsì kan náà. Àwọn bàbá wa méjèèjì ló ní ọkọ̀ ìjàpá, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn roboto tí ẹ̀yin ọmọ òde òní ń rí nínú àwòrán. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n: búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú sánmà nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ní àárọ̀ Sátidé, wọn a máa fọ ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níhìn-ín, ìkejì lọ́hùn-ún, wọn kì í sì í kí ara wọn. Bí Bàbá mi bá da garawa omi kejì, Alájì á da ẹ̀kẹta. Mo rí ọjọ́ tí wọ́n nu ọkọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé.

Àwọ̀ yìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá mi sọ fún wa pé bí tàwọn ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn, pé Alájì ló lọ kun tirẹ̀ kó lè bá tàwọn mu. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin yẹn! Bí mo bá wúkọ́, òun náà á wúkọ́." Èmi kò sí nílé nígbà tí ọkọ̀ wa dé; Ìsẹ́yìn ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Ọ̀rọ̀ Bàbá nìkan ni mo mọ̀, ó sì tó mi.

Lọ́jọ́ kan, lásìkò ìsinmi ní ilé ìwé, Múkáílà dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa, ó ní, "Àwọ̀ eérú ni ọkọ̀ bàbá ẹ nígbà tó dé. Ojú mi ló ṣe. Tiwa ni wọ́n wò kùn ún."

Mo ní, "Òpùrọ́, ọmọ òpùrọ́!" Mo sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú kan bọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀. Kì í ṣe eyín ọmọdé. Òmíràn kò hù síbẹ̀ mọ́.

Ìyá mi ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alájì. Bàbá ní n kò gbọdọ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Dùgbẹ̀, wọ́n ra bisikíìtì fún mi. Wọn kò sọ nǹkan kan ní àlọ, wọn kò sọ nǹkan kan ní àbọ̀. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni. Kí oṣù náà tó parí, Alájì gé igi ọgbà, wọ́n mọ ògiri síbẹ̀, wọ́n sì ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀. Èmi àti Múkáílà jọ lọ sí yunifásítì kan náà. A máa ń pàdé ní Agbowó, a ó sì kọjá lára ara wa bí ẹni tó rí òpó iná.

Lọ́dún yìí ni mo pinnu pé n ó tún ọkọ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi ṣe kí n tó kú, kó sì rí bó ṣe rí gan-an. Táyé, pẹ́ńtà kan ní Challenge, ló gba iṣẹ́ náà. Búlúù ara ọkọ̀ náà ti ṣá, nítorí náà ojú ló fi ń po ọ̀dà. Á po ó tán, á fi kun ìdérí agolo mílíìkì, á gbé e sínú oòrùn kó gbẹ, á wá pè mí. Mo kọ ti àkọ́kọ́, mo kọ ìkejì, mo kọ ìkẹta. Nígbà tí mo kọ ìkẹrin, inú bí i.

"Bàbá, sánmà lẹ ní kí n ṣe. Sánmà ọdún wo gan-an ni?"

"Sánmà ìgbà tí wọn ò tíì bí bàbá tó bí ọ."

Ó rojú, ó tú iná iwájú ọkọ̀ náà kúrò. Ó ní ibẹ̀ làwọn máa ń wò, nítorí pé ẹni tó bá tún ọkọ̀ kùn kì í sábà tú iná, àwọ̀ ilé iṣẹ́ a sì máa kù sẹ́yìn rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ibẹ̀. Ó wò mí.

"Bàbá, eérú ni ọkọ̀ yín o. Wọ́n kun búlúù yìí lé e ni."

Mo ní, "Òpùrọ́!" Ọwọ́ mi ti gòkè kí n tó mọ̀. Mo wo ẹ̀ṣẹ́ náà, arúgbó ẹ̀ṣẹ́, mo sì mọ ibi tí mo ti rí i rí. Ìgbà náà ni bisikíìtì Dùgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ korò lẹ́nu mi.

Táyé ní, "Èwo wá ni ká kùn?" Mo kó ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Baṣọ̀run, níbi tí Múkáílà ń gbé. Mo ń tan ara mi pé àwọ̀ búlúù ni mo fẹ́ lọ bi í.

Iwájú ilé ni mo bá a. Ó rí ìdérí lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín náà sì yọ.

"Ṣé ẹ tún fẹ́ jí àwọ̀ wa ni?"

Mo ní, "Eérú ni."

Ó ní, "O kò tètè gbọ́."

"Múkáílà, eyín yẹn..."

"Fi eyín sílẹ̀. Ọ̀dà lo bá wá." Ó yẹ àwọn ìdérí náà wò, ó mú ìkẹta. "Èyí gan-an ni. Tiwa nìyẹn. Eérú ni kí o kun tiyín."

Kò ní kí n jókòó. Inú bí mi títí mo fi délé, nítorí pé ìkẹta ni lóòótọ́, mo sì ti kọ̀ ọ́.

Táyé kùn ún ní eérú. Mo wà á lọ sí Baṣọ̀run lọ́sàn-án gangan. Múkáílà jáde, ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní, "Ó tó àsìkò," ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti ta ilé méjèèjì ní Bódìjà, ẹlòmíràn sì ti sọ wọ́n di ṣọ́ọ̀bù. Ògiri Alájì ṣì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Bàbá mi ti kú. Alájì ti kú, ọkọ̀ tiwọn sì ti bá àwọn onírin àlòkù lọ. Ìyá mi, tó mọ òtítọ́ tí kò sọ ọ́, ti kú. Múkáílà wà láàyè, kò sì tíì dárí jì mí. Èmi náà wà.